Kò Sẹ́ni Tó Gbá Orí Bọ́ọ̀sì

Ẹnìkan tú páńẹ́lì sólà kúrò lórí bọ́ọ̀sì Benson, kò sì fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà fi máa lù, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Owólabí, ọlọ́dẹ àgbàlá. Oyin tó ni àgbàlá dúró lẹ́nu géètì, ó sì ká ọwọ́ lérí.

Àgbàlá náà wà lójú ọ̀nà oko kan tó yà kúrò ní òpópónà márosẹ̀, lápá Àgó Aláyé. Kòkó ni ọkọ Oyin ń sá níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Oyin ṣe géètì, ó gbẹ́ kànga, ó kọ́ ilé ìwẹ̀ méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn arìnrìn-àjò tó ń sùn nínú mọ́tò wọn. Irú wọn kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ń pọ̀ báyìí: àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tọkọtaya tí ọmọ wọn ti kúrò nílé, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò kiri. Ìbéèrè kan náà ló ń da gbogbo wọn láàmú bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀: níbo la máa gbé mọ́tò sí mọ́jú tí a ó fi lè di ojú méjèèjì? Wọ́n ní ẹgbẹ́ lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń júwe ibi tó dára fún ara wọn, tí wọ́n sì ń kìlọ̀ nípa ibi tí kò dára. Ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, àgbàlá Oyin ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́rin, abẹ́rẹ́ kò sọnù níbẹ̀.

Bí orúkọ yẹn bá bàjẹ́ lónìí, àgbàlá yóò padà di ibùsùn ewúrẹ́. Owólabí yóò sì di olè lójú gbogbo ayé. Oyin mọ èyí. Ìdí nìyẹn tó fi ká ọwọ́ lérí.

Ọ̀kadà kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀, ó na aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Oyin. Ìnspẹ́kítọ̀ Rodiyat ni, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá Ore. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti gbé e wá ní ọdún méjì sẹ́yìn. Kì í pariwo, kì í sì í na ẹnikẹ́ni. Nítorí ìdí méjèèjì yìí, àwọn kan kọ́kọ́ rò pé kò mọṣẹ́.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ kú iṣẹ́. Kí ni ọkùnrin yìí jí?"

Sájẹ́ǹtì Pamílẹ́rìn dàgbà jù ú lọ, irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ó dúró ṣánṣán. "Páńẹ́lì sólà ni, ọ̀gá. Àkàbà rẹ̀ la bá lára ògiri, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí bọ́ọ̀sì. Òun ló ṣọ́nà mọ́jú. Géètì wà ní títì."

"Páńẹ́lì náà dà?"

"Kò tíì jẹ́wọ́."

"Mi ò béèrè ohun tó jẹ́wọ́. Ibi tí páńẹ́lì wà ni mo béèrè."

Sájẹ́ǹtì wo ilẹ̀. "A kò rí i, ọ̀gá."

Owólabí rí Oyin, ó sì bú sọ́rọ̀ ní èdè Ìkálẹ̀, ọ̀rọ̀ ń sáré tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Oyin dá a lóhùn. Rodiyat gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tí ará Ìsẹ́yìn náà máa gbọ́."

Owólabí yíjú sí i. Ẹni ọdún márùnlélógójì ni, ó ga, ó sì ń rọra sọ̀rọ̀. "Mà, bí àlejò bá ti dé, tí wọ́n ti fìdí kalẹ̀, mo máa ń gbá ilẹ̀ yí mọ́tò wọn ká ní ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ tó bá ti mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá rìn níbẹ̀ lóru, ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn. Ẹsẹ̀ adìẹ gan-an ń hàn. Bí mo bá jí, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò."

"Ẹsẹ̀ ta ni ẹ rí lónìí?"

"Ti Màmá tó ni bọ́ọ̀sì nìkan. Láti ẹnu ilẹ̀kùn wọn dé ilé ìwẹ̀, àlọ àti àbọ̀. Kò sí òmíràn."

"Ẹ fi hàn mí."

Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ojú ìgbálẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ láti géètì dé ẹsẹ̀ bọ́ọ̀sì.

"Mo ti gbá a," ni Owólabí wí.

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọ! Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbá ẹ̀rí rẹ̀ dànù."

"Àràárọ̀ ni mo ń gbá a, Sájẹ́ǹtì! Mo wò ó tán, mo rí i pé kò sí nǹkan, mo sì gbá a. Ṣé kí n fi ilẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí oòrùn yọ bá a?"

Oyin mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé òótọ́ yìí kò wúlò fún un. Ilé wo ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ bá ilẹ̀ tí a kò gbá? Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà á sílẹ̀ ni ó fi ìgbálẹ̀ gbá lọ, nítorí pé ó jẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa.

Rodiyat kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí tọkọtaya tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì wọn.

Benson ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin. Awọnlẹ̀ ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì. Elizabeth, aya rẹ̀, ṣe olùkọ́ títí wọ́n fi ní kó máa lọ sinmi. Wọ́n ra bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan, wọ́n yọ àga inú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ibùsùn, wọ́n gbé sítóòfù àti dúrọ́ọ̀mù omi sí i. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti ń fi í rìn kiri.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí, sà."

"Kò gùn." Benson ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà. "A dé ibí ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán àná. A tan iná lálẹ́, iná tàn. A tan fáànù, fáànù yí. Ní aago mẹ́rin ìdájí, fáànù dákẹ́. Kò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti gbé e síbẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni olè tú páńẹ́lì mi. Mo lè búra. Àràárọ̀, bí mo bá mu tíì tán, mo máa ń gun orí bọ́ọ̀sì lọ nù ún. Mo mu tíì tán lónìí, mo gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ní aago méje géérégé, mo gbé ojú sókè, páńẹ́lì kò sí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo pariwo."

"Ẹ kò rìn lórí rẹ̀?"

"Láti lọ wo kí ni? Ohun tí kò sí?"

Elizabeth mi orí. "Bàbá Tófúnmi, ẹ rọra. Ìnspẹ́kítọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti di ariwo ná. Ìròyìn burúkú kì í jókòó. Ìkìlọ̀ ti wà lórí fóònù mi, gbogbo ẹgbẹ́ ti mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Oyin láyà ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ. Rodiyat kọ ohun kékeré kan sínú ìwé rẹ̀.

"Ta ló mọ̀ pé ibí lẹ máa sùn, mà?"

"Ọ̀gbẹ́ni tó ni páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ní Ore. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ yà sí lọ́sàn-án. Ó fẹ́ kí a sùn níbẹ̀. Mo ní ariwo tirela pọ̀ jù, pé ọ̀dọ̀ Màmá la ń lọ."

"Olúwakáyọ̀dé!" Oyin ló pariwo. "Ọkùnrin yẹn sọ fún mi lójú gbogbo ìjọ pé obìnrin kò lè ṣọ́ mọ́tò. Òun ló rán wọn! Wọ́n fo ògiri mi!"

Sájẹ́ǹtì ti ń mi orí. "Ọ̀tá rèé, ọ̀gá. Òun àti ọlọ́dẹ yìí ló jọ gbìmọ̀ rẹ̀."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Rodiyat wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orí bọ́ọ̀sì."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn irin tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó dúró níbi tí Benson ti dúró, kò sì kọjá ibẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ gbé àkàbà Owólabí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ gùn ún."

"Èmi? Pẹ̀lú ìró yìí?"

"Ẹ ká a sókè díẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n máa bi léèrè lọ́la. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí i."

Oyin so ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì gòkè. Ó ti tó ogún ọdún tó ti gun nǹkan gbẹ̀yìn, Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló sì di ẹsẹ̀ àkàbà mú fún un. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ sókè, ó rí òrùlé bọ́ọ̀sì bíi pápá. Eruku pupa bò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Oṣù kejì ọdún ni. Òjò kò tíì rọ̀.

"Kí lẹ rí, Màmá?"

"Eruku."

"Kí lẹ kò rí?"

Oyin tún wò ó. Ní etí ẹ̀yìn, ojú ọwọ́ méjì hàn gbangba, ọwọ́ Benson tó fi di òrùlé mú láàárọ̀. Kò sí ojú ọwọ́ mìíràn. Kò sí ojú ẹsẹ̀. Páńẹ́lì wà níwájú pátápátá tẹ́lẹ̀, nítòsí orí awakọ̀. Láti orí àkàbà, ọwọ́ lè kan etí ibẹ̀ nìkan, kò lè dé apá kejì. Ẹni tó bá máa tú u ní láti kúnlẹ̀ lórí òrùlé.

"Ẹsẹ̀ kò sí," ni Oyin wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó rìn níbẹ̀."

"Owólabí gbá ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbá orí bọ́ọ̀sì." Rodiyat tẹ ara síwájú. "Ẹ wo ibi tí páńẹ́lì wà tẹ́lẹ̀. Sà! Ṣé àyè wà lábẹ́ páńẹ́lì yín?"

Benson dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Rárá. Ó lẹ̀ mọ́ òrùlé pinpin. Rọ́bà ni mo fi tẹ́ ìdí rẹ̀."

"Eruku yìí ńkọ́? Níbo ló ti wá?"

"Ọ̀nà pupa tí a gbà láti títì dé ibí ni. Wọ́n fọ bọ́ọ̀sì yìí ní Ore lánàá, ó ń dán. Kìlómítà mẹ́ta péré, ó ti pọ́n bí epo."

Rodiyat bojú wo ìsàlẹ̀. "Wọ́n fọ̀ ọ́ ní Ore."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì ọkùnrin yẹn. A lọ jẹun, wọ́n ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

"Màmá, bí a bá gbé ìkòkò kúrò ní ibi tí eruku ti bò, báwo ni ojú ibi tó wà ṣe máa rí?"

"Á mọ́. Á yàtọ̀ sí ìyókù."

"Ẹ fi ìka yín kàn án."

Oyin gbé àkàbà lọ síwájú, ó na ọwọ́, ó fi ìka fa ìlà kan lójú ibi tí rọ́bà yí ká. Eruku ibẹ̀ nípọn bí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó de páńẹ́lì mọ́lẹ̀, eruku kún. Oyin yí ìka rẹ̀ pupa sókè, ó ń wò ó. Òun náà ti lóye.

"Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ọ̀nà mi wá."

"Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ géètì yín."

"Kò ṣeé ṣe!" Benson ti bínú. "Iná tàn lálẹ́! Fáànù yí títí di aago mẹ́rin!"

Rodiyat sọ̀ kalẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀. "Sà, oòrùn mélòó ló ń ràn ní aago mẹ́rin ìdájí?"

Benson wo ojú ọ̀run.

"Bátìrì ni fáànù yín ń jẹ lóru. Oòrùn ni bátìrì ń jẹ lọ́sàn-án. Bí olè bá tú páńẹ́lì ní aago mẹ́rin ìdájí, fáànù kò ní mọ̀. Á máa yí lọ. Ó dákẹ́ torí pé bátìrì kò yó. Bátìrì kò yó torí pé láti ọ̀sán àná, kò sí ohun tó bọ́ ọ."

Benson bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún, kò tún un wọ̀. "Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ilẹ̀," ni ó wí. "N kò wọn èyí."

"Ó ku ẹyọ kan." Rodiyat yíjú sí Sájẹ́ǹtì. "Olè mélòó lẹ ti mú láti ọjọ́ tí ẹ ti wọ iṣẹ́?"

"Wọn kò lóǹkà, ọ̀gá."

"Èwo nínú wọn ló tú ẹrù tán, tó wá fi ọ̀rá wé ẹnu wáyà, tó sì fi rọ́bà so ó, kí omi má baà wọ inú rẹ̀?"

"Kò sí irú ẹ̀."

"Ẹ gòkè lọ wò ó. Ọ̀rá dúdú, rọ́bà méjì. Ẹni tó so ó mọ̀ pé omi ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé wọ́n ṣì máa lo wáyà náà. Kì í ṣe olè. Ẹ tú Owólabí sílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì kò gòkè. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Owólabí fi ọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Rodiyat, ó dìde, ó sì gbé àkàbà padà síbi tó máa ń wà. Oyin kò tíì rí irú èyí rí: obìnrin kan gun àtẹ̀gùn mẹ́fà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òmìnira ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Bọ́ọ̀sì náà ni wọ́n wọ̀ lọ sí Ore. Oyin jókòó sórí ibùsùn àlejò rẹ̀, ó ń wo sítóòfù àti àwo tí wọ́n so mọ́ ògiri, ojú sì ń tì í pé ó rí yàrá ẹni lọ́sàn-án gangan.

Olúwakáyọ̀dé jáde sí wọn kí bọ́ọ̀sì tó dúró dáadáa. Ọkùnrin sísanra ni, ó kí gbogbo ènìyàn kárí.

"Bàbá, ẹ kú ìrójú o! Ṣé mo sọ fún yín àbí n kò sọ? Ẹ̀yin lẹ ní ibi tó dákẹ́ lẹ fẹ́. Olè náà fẹ́ràn ibi tó dákẹ́." Ó rí Oyin. "Màmá, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Iṣẹ́ yìí le fún obìnrin."

"Ìwọ ọmọ yìí—" ni Oyin bẹ̀rẹ̀. Rodiyat fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì dákẹ́.

"Níbo lẹ wà mọ́jú òní, ọ̀gbẹ́ni?"

"Níbí. Awakọ̀ tirela mẹ́wàá ló lè jẹ́rìí. A jọ wo bọ́ọ̀lù, a jọ sùn. Ẹ wo inú ọ́fíìsì mi bí ẹ bá fẹ́."

Sájẹ́ǹtì wò ó. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, ó wo inú dúrọ́ọ̀mù. Ó jáde pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

"Mo gbà yín gbọ́," ni Rodiyat wí fún Káyọ̀dé. "Ẹ kò kúrò níbí."

Ọkùnrin yìí nìkan ni Oyin ń fura sí. Bí kì í bá ṣe òun, ta ni?

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan kígbe láti apá ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Àzíìz, ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò níbẹ̀, ti ju rọ́bà omi sílẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún, ó sì ń sáré. Olè máa ń sá lọ. Eléyìí ń sáré bọ̀.

"Alhamdulillahi! Bàbá! Màmá! Ẹ kò pẹ́ ní Benin rárá!"

"Benin wo?" ni Elizabeth wí.

Àzíìz dúró. Ó wo wọn, ó wo aṣọ ọlọ́pàá, ẹ̀rín rẹ̀ sì kú. "Wọ́n ní... wọ́n ní Benin lẹ lọ."

"Ẹ lọ gbé e wá," ni Rodiyat sọ fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Lẹ́yìn náà, ẹ sọ bó ṣe jẹ́."

Ó gbé páńẹ́lì náà wá. Ó ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé e. Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú agolo mílíìkì kan, ó ti nù wọ́n, ó ti fi òróró pa wọ́n.

"Wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́ dáadáa, mà. Mi ò kì í fọ àyíká nǹkan. Ohun tó bá ṣeé gbé, mo máa ń gbé e kúrò kí n tó fọ ibẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ ti gbẹ mọ́ etí rọ́bà náà. Mo tú u, mo fi ọ̀rá wé wáyà, mo fọ orí bọ́ọ̀sì, mo fi páńẹ́lì ti ògiri pé kó gbẹ. Wọ́n pe ìrun Àyìlà, mo lọ kírun. Nígbà tí mo dé, bọ́ọ̀sì ti lọ. Mo sáré dé títì. Mo bi Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, torí àwọn ni wọ́n sanwó ìfọkọ̀ fún. Wọ́n ní Benin ni wọ́n gbà, pé ó di oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó padà. Wọ́n ní kí n fi í pamọ́, kí n má pariwo, kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí lólè."

"Irọ́!" Káyọ̀dé ti gbé ohùn sókè. "N kò bá a sọ nǹkan kan. Ó jí i, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó wá ń wá ẹni tó máa rù ú. Sájẹ́ǹtì, ẹ wo ẹrù olè lọ́wọ́ olè!"

Ọwọ́ Sájẹ́ǹtì ti lọ síbi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Oyin rí i. Ènìyàn kejì rèé láàárọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ dè nítorí pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú. Ó bọ́ síwájú Àzíìz kó tó mọ̀ pé òun ti bọ́ síbẹ̀.

"Ẹ dúró, Sájẹ́ǹtì," ni Rodiyat wí. "Ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni, ẹnìkan sì ń purọ́. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú fóònù yín wá. Ìkìlọ̀ tí ẹ ní ó wà níbẹ̀, ẹ kà á sí wa létí."

Elizabeth wá a, ó sì kà á: "'Ẹ ṣọ́ra o. Àgbàlá Oyin kò ṣeé sùn mọ́. Wọ́n ti tú sólà lórí bọ́ọ̀sì níbẹ̀ lóru àná. Ẹ máa bọ̀ ní páàkì wa ní Ore.'" Ó gbé ojú sókè. "Orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé ló wà níbẹ̀."

"Mo wà nínú ẹgbẹ́ wọn," ni Káyọ̀dé wí. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a kìlọ̀ fún ènìyàn?"

"Aago mélòó ló wọlé, mà?"

"Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Mo rántí ìró rẹ̀. Mo ń se omi tíì lọ́wọ́, n kò yẹ̀ ẹ́ wò títí ariwo fi ta."

"Sà, aago mélòó lẹ gun orí bọ́ọ̀sì?"

Benson gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ ti yí sí Káyọ̀dé. "Méje géérégé."

"Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ta ló mọ̀ nínú bọ́ọ̀sì yín pé páńẹ́lì kò sí?"

"Kò sí ẹnìkan."

"Màmá, ta ló mọ̀ ní àgbàlá yín?"

"Kò sí!"

Rodiyat yíjú sí Káyọ̀dé. "Ẹ̀yin mọ̀."

"Ẹnìkan ló pè mí."

"Ta ni? Ẹ fún wa ní fóònù yín, ká wo ẹni tó pè yín kí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá tó lù."

Káyọ̀dé di àpò ṣòkòtò rẹ̀ mú. Tirela kan kọjá, ó fọn fèrè, ariwo rẹ̀ sì tán. Ó ṣì di àpò náà mú.

"Ẹ sunkún kí òkú tó kú, ọ̀gbẹ́ni," ni Rodiyat wí. "Ẹ mọ̀ láti ọ̀sán àná pé páńẹ́lì wà lára ògiri yìí. Ẹ mọ ibi tí bọ́ọ̀sì máa sùn. Ẹ tan Àzíìz pé Benin ni, kó má baà gbé e tẹ̀lé wọn. Ẹ wá jókòó, ẹ ń retí kí ilẹ̀ mọ́, kí àdánù lè hàn nínú àgbàlá Màmá. Bí ẹ bá fi sùúrù dúró títí di aago mẹ́jọ, n kì bá tí rí yín mú."

"N kò fọwọ́ kan nǹkankan!"

"Òótọ́ ni. Ẹ kò fọwọ́ kan nǹkankan. Ẹnu lẹ fi ṣe é."

Sájẹ́ǹtì Pamílẹ́rìn lo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kó tó lò ó, ó wo ojú Rodiyat lákọ̀ọ́kọ́, Oyin sì ṣàkíyèsí pé kò ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀.

Àzíìz gun orí bọ́ọ̀sì. Ó fọ eruku Àgó Aláyé kúrò, ó tú ọ̀rá, ó so wáyà, ó de bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Benson gòkè tẹ̀ lé e pẹ̀lú sípánà tirẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi sípánà kan bóòtù kọ̀ọ̀kan, kò sì rí èyí tó ku yíyí kan lára rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bọ Àzíìz lọ́wọ́.

"Ìnspẹ́kítọ̀," ni Oyin béèrè, "ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Nígbà tí wọ́n ní ìkìlọ̀ ti wà lórí fóònù, mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ta ló ráyè kọ ọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ títí mo fi rí ọ̀rá yẹn." Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Màmá, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ẹ máa bá Owólabí sọ."

Ní ìrọ̀lẹ́, Elizabeth kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́. Wọ́n yọ páàkì Káyọ̀dé kúrò nínú ibi tí wọ́n ń júwe fún ara wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ fún irọ́ tó pa mọ́ aláìṣẹ̀. Àgbàlá Oyin dúró síbi tó wà, lókè pátápátá, Benson àti aya rẹ̀ sì tún sùn níbẹ̀ ní alẹ́ mẹ́ta sí i. Fáànù wọn yí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Owólabí ṣì ń gbá ilẹ̀ yí mọ́tò ká ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, oòrùn ń yọ bá ilẹ̀ rẹ̀. Kì í gbá a mọ́ láàárọ̀ títí àlejò tó kẹ́yìn yóò fi jáde ní géètì.